Bí ẹ ṣe lè fúnra yín so mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti pírítà mọ́ kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọn máa ń tú gbogbo páálí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ti gbogbo wáyà bọ gbogbo ihò, wọ́n á tan iná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá èyí tí kò ṣiṣẹ́ láàárín wáyà méje. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Agbówó, n'Ìbàdàn, iwájú Yunifásítì níbẹ̀, àwọn oníbàárà sì máa ń pè mí lọ sílé wọn kí n lọ bá wọn to kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ẹ lè ṣe é fúnra yín, nítorí kò le tó bí ojú ṣe ń rí i.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbàgbé: ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń so ó. Ẹ so ọ̀kan, ẹ dán an wò, kí ó ṣiṣẹ́ tán kí ẹ tó mú èkejì. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ti mọ èyí tó fà á, nítorí òun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ ka ara ẹ̀rọ kí ẹ tó fi í sí iná

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí ó bá ní àdápítọ̀, ara àdápítọ̀ yẹn ni kí ẹ wò. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230V. Bí ẹ bá rí 100-240V, kò sí wàhálà, ibikíbi láyé ló ti lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí 220-240V, ó dára bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, kò gbọdọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìjẹ́ pé ó gba inú tiransifọ́má tó máa ń dín iná kù kọjá.

Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi pírítà kan ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Ó ń dán nínú páálí, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì ya. Ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni mo gbé e lọ tààrà. Ó dún pọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èéfín tín-ín-rín kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo wá yí i padà ni mo rí 120V tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ìdí rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, nítorí mo mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣiṣẹ́ kó tó rí owó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ bá wọ ọwọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kà. Èyí tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá kì í fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀: iná wọn bá tiwa mu, pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa.

Ẹ fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí èkísítẹ́ńṣọ̀n tiwọn. Áyọ̀ọ̀nù, kẹ́tù àti fíríìjì ò gbọdọ̀ bá wọn pín in.

Mọ́nítọ̀

Mọ́nítọ̀ ni ẹ fi ń rí gbogbo ohun yòókù, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ so. Ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀: bí ihò tó wà níbẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, tí ó ní ihò kéékèèké 15 ní ìlà mẹ́ta, VGA nìyẹn. Wáyà rẹ̀ ní sùkúrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka ọwọ́ ni ẹ fi ń dè é, ó sì yẹ kí ẹ dè é, bí kò bá dè, àwọ̀ ojú mọ́nítọ̀ á máa yí padà bí tábìlì bá mì. Bí ihò náà bá fẹ̀ pẹlẹbẹ, tí igun méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gé dànù, HDMI ni. HDMI ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àwòrán rẹ̀ mọ́, ó sì ń gbé ohùn pẹ̀lú.

Kọ̀ǹpútà onílé gogoro kan wà tó ní ihò mọ́nítọ̀ ní ibi méjì lẹ́yìn: òkè ní apá kan, àti ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ihò ti sùn gbọọrọ. Bí tiyín bá ní ti ìsàlẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ fi wáyà sí. Mélòó ni mo ti lọ sílé wọn tó jẹ́ pé òkè ni wọ́n fi í sí, tí mọ́nítọ̀ tuntun ń kọ “No Signal”, tí wọ́n sì ti fẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà níbi tó yẹ, tí “No Signal” ṣì wà lójú rẹ̀, ẹ wá bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ INPUT tàbí SOURCE sí lábẹ́ mọ́nítọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bọ́ sórí ihò tí ẹ lò gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ní láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú P. Ohun mẹ́rin á jáde: Duplicate á fi ohun kan náà hàn lójú méjèèjì, Extend á sọ méjèèjì di tábìlì gbọọrọ kan. Fún ẹni tó ń tẹ ìwé, Extend ló dára: ẹ gbé ìwé tí ẹ ń wò sí ọ̀tún, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní òsì.

Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì

USB ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò. Láti 1996 ni irú ihò yìí ti jáde, ohun tó sì jẹ́ kó gbajúmọ̀ ni pé ẹ lè tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Orí rẹ̀ ò wọlé tí ẹ bá dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má fi agbára tì í. Ihò tí ahọ́n inú rẹ̀ jẹ́ búlúù yára ju dúdú lọ. Ẹ fi búlúù sílẹ̀ fún fíláṣì, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ò nílò eré kankan.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ á ní ihò róbótó méjì: èyí tó ní àwọ̀ elésè àlùkò jẹ́ ti kíbọ́ọ̀dù, aláwọ̀ ewé jẹ́ ti máòsì. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fi wáyà sí i. Ìyẹn ò dà bíi USB.

Bí máòsì yín ò bá ní wáyà, ẹ má sọ páálí nù kí ẹ tó rí ohun kékeré kan tó tó èékánná àtàǹpàkò. Inú ikùn máòsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ni wọ́n sábà máa ń fi pa mọ́ sí. Òun ni yóò lọ sínú ihò USB. Bí ó bá sọnù, máòsì náà di òkúta lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ ọ̀rá tó dí ojú bátìrì, ẹ sún súìṣì abẹ́ rẹ̀ sí ON. Èyí tó bá jẹ́ Bluetooth ò ní ohun kékeré yẹn: ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, ẹ tẹ Add device, ẹ mú orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń mú máòsì dání, nítorí àwọn tó ń kọ́ni kì í sọ ọ́. Màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí pé máòsì tí ọmọ wọn rà fún wọn kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n gbé e sókè, wọ́n nà án sí mọ́nítọ̀ bí ẹni ń na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé tábìlì ni máòsì ń wò, kì í ṣe mọ́nítọ̀. Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká yí ikùn rẹ̀ wò,” mo fi iná pupa tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n: ojú rẹ̀ nìyẹn, ìrìn tábìlì lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ẹ ń lọ. Mo gbé e kalẹ̀, síbẹ̀ ọfà ojú mọ́nítọ̀ ò rìn dáadáa. Gíláàsì ni ojú tábìlì wọn, gíláàsì sì ń da ojú máòsì rú. Wọ́n fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ nínú dúróà, a tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, ọfà náà gbéra nílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n ń lò títí di òní.

Ọwọ́ yín kí ó sinmi lé e, kí ìka ìfábẹ̀lá wà lórí bọ́tìnnì òsì, kí ẹ má fún un mọ́ra. Bí tẹ-tẹ lẹ́ẹ̀mejì bá ń le fún yín, ẹ wá Mouse nínú Control Panel, ẹ fa Double-click speed sí Slow. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì lè yí bọ́tìnnì méjèèjì padà níbẹ̀ náà.

Nígbà tí @ kò bá jáde

Ẹjọ́ yìí ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ra tòkunbọ̀. Wọ́n fẹ́ kọ ímeèlì, wọ́n tẹ Shift pẹ̀lú 2, àmì àyọlò ló jáde. Kíbọ́ọ̀dù kò bàjẹ́. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àmì àyọlò wà lórí 2, tí @ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enter. Ti Amẹ́ríkà ni @ wà lórí 2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara kíbọ́ọ̀dù ń sọ èdè kan, Windows ń gbọ́ òmíràn. Ẹ wò ó bóyá £ wà lórí 3 lára kíbọ́ọ̀dù: bí ó bá wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region, ẹ tẹ tótó mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ English, ẹ mú Language options, ẹ fi United Kingdom kún un, kí ẹ sì yọ US kúrò. Bí ti Amẹ́ríkà bá ni, ẹ ṣe òdì kejì rẹ̀.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún un. Ẹ tẹ Add a language, ẹ kọ Yoruba, ẹ mú un. Láti ìgbà náà, Windows pẹ̀lú Space ni ẹ ó máa fi yí láti èdè kan sí èkejì. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa, c, q, v, x àti z kò sí nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ, ọ àti ṣ kò sí lára kíbọ́ọ̀dù tí ẹ rà. Kí ẹ lè mọ ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí, ẹ tẹ Windows, Ctrl àti O pọ̀: kíbọ́ọ̀dù kan á yọ lójú mọ́nítọ̀, á fi lẹ́tà tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ẹ yà á sórí pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Mi ò kà á sí ohun kékeré. Oníbàárà kan gbé káàdì ìgbéyàwó 200 wá sọ́dọ̀ mi, ibòmíràn ló ti tẹ̀ ẹ́. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ “ọkọ ìyàwó” sí, “oko ìyàwó” ló wà níbẹ̀. Omi lé ròrò lójú ìyá ìyàwó. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà méjì ni wọn ò fi sí i, a sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Pírítà

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Kí ẹ tó tàn án, ẹ yọ gbogbo téèpù tí wọ́n fi de àwọn nǹkan inú rẹ̀. Téèpù náà sábà máa ń ní àwọ̀ kí ẹ lè rí i, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn lè fara pamọ́ sí inú lọ́hùn-ún. Ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ fi iná fóònù wo inú. Téèpù kan ṣoṣo tó kù síbẹ̀ lè mú kí ó máa han bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ oníyíǹkì, ẹ bó ọ̀rá ẹnu kátíríìjì, kí ìka má kan ibi tó ń dán bíi bàbà. Bí ó bá jẹ́ lésà, èyí tó ń lo ìyẹ̀fun dípò yíǹkì, ẹ mi tónà (àpótí ìyẹ̀fun) rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́, ẹ fa ọ̀rá gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ tán pátápátá kí ẹ tó tì í wọlé.

Pépà A4 oníwọ̀n 80 gsm ni kí ẹ rà; 500 ló wà nínú ìdì kan. Ẹ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí i, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra, ẹ sì fa ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn láìfún un. Lákòókò òjò, pépà máa ń mu omi inú atẹ́gùn, á rọ̀, á sì máa há sínú ẹ̀rọ. Ìyókù inú ìdì, inú ọ̀rá rẹ̀ ni kó máa wà.

Wáyà pírítà ní orí méjì: pẹlẹbẹ lọ sí kọ̀ǹpútà, èyí tó dọ́gba nígun mẹ́rin lọ sí pírítà. Ẹ tan pírítà, ẹ dúró díẹ̀, Windows lè dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níwájú pírítà, ẹ lọ sí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, ẹ gba dráífà rẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá a sọ̀rọ̀) níbẹ̀. Ẹ má gbà á ní ojúlé míràn, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọ kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ Wi-Fi ni ẹ fẹ́ lò, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ń ti fóònù wá, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ pírítà ò gbọ́ ju 2.4 GHz (ọ̀kan nínú ìkànnì tí Wi-Fi ń gbà) lọ. Ẹ lọ sí ètò hotspot fóònù yín, ẹ yí i sí 2.4 kó tó lè rí i.

Wàyí o, ẹ lọ sí Printers & scanners, ẹ tẹ orúkọ pírítà yín, ẹ tẹ Print test page. Bí ojú ìwé kan bá jáde, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi í pamọ́. Lọ́jọ́ tí ìwé yín bá ṣú tàbí tó ń fà, òun ni ẹ ó fi wé.

Ẹ tún yí Default sí orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹ Print tí kọ̀ǹpútà á máa béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ tọ́jú fáìlì sí. Microsoft Print to PDF ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí láìmọ̀.

Bí pépà bá há, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á síbi tó ń lọ, kí ó má baà ya kù sínú. Lésà máa ń gbóná gan-an nínú, nǹkan bí 200°C, torí náà ẹ jẹ́ kó tutù.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún ìgbà díẹ̀, wà fún kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀, kí ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa á ní pẹ̀lẹ́tù nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Pírítà lésà ò gbọdọ̀ wà lórí UPS kékeré. Ìgbà tó bá fẹ́ mú ara gbóná, iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà ju ohun tí UPS 650VA lè gbé lọ. Á ké, á sì pa kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ara ògiri ni kí ẹ fi lésà sí, kí sítebiláísà wà láàárín bí iná àdúgbò yín bá ń ṣe ségesège.

Ti oníyíǹkì yàtọ̀. Iná tó ń lò kéré, ẹ lè fi í sórí UPS, mo sì rọ̀ yín kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á, orí tó ń tu yíǹkì á padà sí igun rẹ̀, ìdérí á bo ẹnu rẹ̀. Bí iná bá já lójijì, ó lè dúró sí àárín ọ̀nà láìbo ẹnu, yíǹkì á gbẹ sí i. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mélòó kan péré ti tó fún un láti dí. Bí ẹ kì í bá tẹ ìwé léraléra, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ ojú ìwé aláwọ̀ kan.

Àwọn yòókù

Sípíkà: ihò kékeré aláwọ̀ ewé (kì í ṣe ti máòsì àtijọ́). Míìkì: aláwọ̀ òsùn (píńkì). Kámẹ́rà USB fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò nǹkan kan, kìkì pé kí ẹ yọ ìbòjú ike rẹ̀, kí ẹ sì mú un nínú Settings ètò tí ẹ fi ń ṣe ìpàdé.

Fíláṣì: kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ tẹ Eject. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, ẹ fi Windows Security wò ó kí ẹ tó ṣí i.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ lálẹ́, ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, ẹ pa kọ̀ǹpútà láti Start. Ẹ fi bọ́tìnnì ara pírítà pa á, ẹ tẹ́tí títí ohùn orí tó ń padà sí igun rẹ̀ yóò fi dákẹ́. Ẹ pa mọ́nítọ̀, ẹ pa UPS, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kó kẹ́yìn.